Mo Kọ "Igbó" Sórí Ilé Bàbá Mi

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù gbọ́ mi. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí nínú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n tún yìn mí níbi iṣẹ́ pé máàpù mi kò lábùkù. Ìríra ara mi ló mú kí n sọ̀rọ̀.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni mí, nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Àwòrán tí sátẹ́láìtì ń yà láti òfuurufú ni a fi ń ṣe máàpù. Ó mọ́ débi pé èèyàn lè ka òrùlé ilé. Èmi ni mò ń kọ ohun tí ibì kọ̀ọ̀kan jẹ́: ilé, oko, tàbí igbó.

Lọ́jọ́ kan, mo kan abúlé wa nínú àwòrán náà. Ilé mẹ́fà, páànù tó ti dípẹtà, igi obì bàbá mi lẹ́yìn ilé. Orúkọ bàbá mi ni abúlé náà ń jẹ́, orúkọ yẹn náà sì ni mò ń jẹ́ ní ọ́fíìsì. Tí mo bá kọ ọ́, gbogbo ayé á mọ ibi tí mo ti wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Ọmọ ìdílé ńlá kan ní Abẹ́òkúta ni mo fẹ́ fẹ́, ìdílé dókítà àti ọ̀gá ilé-ìwé, onígbàgbọ́ paraku. Mo ti sọ fún wọn pé bàbá mi ti kú. Lójú tèmi nígbà náà, kí ni àwọn ará ilé mi? Abọ̀rìṣà, ará oko, ẹlẹ́sẹ̀ eruku.

Mo kọ "igbó" sí i. Ọ̀gá mi buwọ́ lù ú. Ọ̀lẹ ni; kò dìde lórí àga rẹ̀ lọ wo ilẹ̀ kankan rí.

Wọ́n fi ibẹ̀ sí ètò ọjà tuntun. Ìgbà tí katapílà dé ni àwọn ará abúlé tó mọ̀. Bàbá mi sáré wá sí ọ́fíìsì wa.

"Wọ́n ní igbó ni wá!" Ó rí mi, ojú rẹ̀ tàn. "Ọmọ mi! Ṣé ibí lo ti ń ṣiṣẹ́ ni?"

Gbogbo wọn ń wò mí.

Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣì mí mú fún ẹlòmíràn. Sátẹ́láìtì kì í sì í parọ́."

Ó wò mí títí. Ó ṣí fìlà.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì."

Wọ́n wó ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Yàrá kan ní Owódé ni bàbá mi ń gbé báyìí. Títí di òní, kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọmọ òun ló rí ní ọ́fíìsì yẹn. Èmi alákọ̀wé lásánlàsàn, n kò tó ẹni tí ń tú bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí mo yí padà. Ẹ bú mi, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá kan ilẹ̀kùn, tó sì béèrè pé ta nìyẹn, kí ni kí n dá a lóhùn?