Ẹní Tí Wọ́n Tẹ́ De Ìyàwó Ọmọ Mi

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo lọ sí ọ̀run àpáàdì, mo yà sí ọ̀run rere, mo sì padà délé kí ọbẹ̀ ilá tó hó lórí iná. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni, kó lọ bi ọbẹ̀.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi méjèèjì kò gbé mi mọ́. Àdùkẹ́, ìyàwó Kọ́lá ọmọ mi, ló ń gbé mi dìde. Òun ló ń wẹ̀ mí, òun ló ń yí mi padà lórí bẹ́ẹ̀dì kí ẹ̀yìn mi má baà di egbò. Ẹ sì mọ ohun tí ìgbìmọ̀ ìjọ ṣe fún un: wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin, wọ́n ní ó ń febi pa bàbá ọkọ rẹ̀. Ta ló sọ fún wọn? A máa débẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti di ẹrù rẹ̀ sí kọ̀rọ̀ yàrá, ó ní tí a bá ti jáde ìsìn lónìí, ilé bàbá òun lòun ń lọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun náà, mo ka Sáàmù, mo gbàdúrà, mo pa ojú dé. Ọkùnrin aláṣọ funfun kan dúró tì mí, ó ní, "Àkàndé, dìde."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ mi ńkọ́?"

Ó ní, "Ẹnu rẹ kò rọ. Òun ni kí o fi rìn."

Ibi àkọ́kọ́ tí a dé, àwọn ọmọ tó pa òbí tì ló wà níbẹ̀, lórí ibùsùn tó tutù fún ìtọ̀, wọ́n ń pe ènìyàn, ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Ibi kejì ni ti àwọn tó máa ń bẹ arúgbó wò, tí wọ́n á kó ìmọ̀ràn wá bí ìdì igi, tí wọn kò ní fọ abọ́ kan kí wọ́n tó lọ. Òkìtì abọ́ wà níwájú wọn, wọ́n ń fọ̀ ọ́, kò tán. Mo rí àwọn tí mo mọ̀. N kò ní dárúkọ. Ìyá Ìjọ, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀.

Ni a bá dé ibi kẹta, ẹ̀rù bà mí, mo fẹ́ sá, kò sí ọ̀nà, iná níwájú, iná lẹ́yìn, àwọn arúgbó bí ẹgbẹ̀rún jókòó yíká, wọ́n ń ké, "N kò tíì jẹun láti àárọ̀!", bí wọ́n bá sì ti ké e, èérún oúnjẹ tó wà nírùngbọ̀n wọn á di ẹyín iná, irùngbọ̀n á máa jó, wọ́n á tún ké, á tún jó, àga kan sì ṣófo láàrin wọn, abọ́ tánganran kan wà lórí rẹ̀, etí rẹ̀ ti bó, ẹ̀yin ará, abọ́ mi ni!

"Ta ló ni àga yìí?" ni mo bi í, bí ẹni tí kò mọ̀.

Ó ní, "Fọwọ́ kan irùngbọ̀n rẹ."

Mo fọwọ́ kàn án. Mọ́ínmọ́ín wà níbẹ̀.

Ó fà mí jáde, ó mú mi dé ibi ìsinmi. Mo rò pé orin ni n ó gbọ́. Ìhanrun ni mo gbọ́. Àwọn tó tọ́jú arúgbó ló sùn lọ fọnfọn lórí ẹní tuntun. Mo fẹ́ kí wọn, ó fọwọ́ bo ẹnu mi. "Dákẹ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti sùn tí ẹnìkan kò pè wọ́n."

Ẹní kan ṣófo. Mo béèrè ẹni tó ni ín.

Ó ní, "Ìyàwó ọmọ rẹ ni. Ṣùgbọ́n ṣé ó dìgbà tó bá kú kó tó sùn?"

Mo ta jí. Ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ mi: ẹ dá a padà sínú ẹgbẹ́ akọrin. Kí ẹnìkan nínú yín wá jókòó tì mí ní ọ̀sán Ìṣẹ́gun, kí ẹlòmíràn wá ní Ọjọ́bọ̀, kí Àdùkẹ́ lè rí oorun sùn. Ẹ gbé mi yí padà lẹ́ẹ̀kan péré. Mo wúwo. Ẹ ó mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí.

Ó wá ku èyí tí mo fi kún un. Irọ́ ni ọ̀run tí mo lọ. N kò rí aláṣọ funfun, n kò rí iná, n kò tilẹ̀ sùn. Mo kàn dijú ni. Àdùkẹ́ rò pé mo ti sùn, ó ń fi aṣọ tútù nu èérún mọ́ínmọ́ín kúrò nírùngbọ̀n mi, ó ń sọ jẹ́jẹ́ pé, "Bàbá, kí ni mo fi ṣe yín?" N kò lè lajú. Ojú tì mí.

Búrẹ́dì tí ẹ máa ń gbé wá tí mo bá ti ní ebi ń pa mí, ó dùn. Ìjókòó yín tì mí tún wá dùn ju búrẹ́dì lọ. Ìdí tí mo fi ń purọ́ mọ́ Àdùkẹ́ pé ó ń febi pa mí nìyẹn. Òun náà ló sì gbé mi wá síbí láàárọ̀ yìí.

Ìyàwó mi, ìwọ tó jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún, jọ̀wọ́, tú ẹrù rẹ. Mo jẹun. Ojoojúmọ́ ni mo jẹun.