Òróró Lórí Ríìmù

Ẹ má tíì ní kí n jẹun, Màámi, ebi kọ́ ló ń pa mí! Ọ̀rọ̀ ló kún inú mi, láti Sátidé ló ti wà níbẹ̀. Èmi tí ẹ máa ń sọ fún àwọn ará ìjọ pé n kì í sọ̀rọ̀, ẹ jókòó kí n sọ ọ́ tán lónìí. Kẹ̀kẹ́ mi, Màámi! Kẹ̀kẹ́ eré-ìje tí mo ti ń tọ́jú fún ọdún mẹ́ta, kí ló dé tí ẹ fi ní kí wọ́n ta òróró sí i lẹ́sẹ̀?

Ẹ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Fúráìdè nígbà tí mo wà lóko, ẹ ò sọ fún mi. Ẹ ní gbogbo èèyàn ló ń ṣe é, pé ibi tí nǹkan ti ń ṣiṣẹ́ ni wòlíì ń ta òróró sí: àdá lójú, ẹ̀rọ ìránṣọ nídìí abẹ́rẹ́, mọ́tò lẹ́sẹ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mọ́tò, rọ́bà dúdú ni òróró ń kàn. Ti kẹ̀kẹ́ tèmi, irin ríìmù tó ń dán yẹn lẹ fi òróró pa, òun gan-an sì ni búréèkì ń dì mú! Wòlíì ta á, ẹ̀yin fi ọwọ́ méjèèjì pa á kárí, iwájú àti ẹ̀yìn, ọ̀tún àti òsì, ẹ ò tilẹ̀ fo ibì kan. Háà! Ká ní ẹ jẹ́ ọ̀lẹ ni, ì bá sàn fún mi.

Ṣé ẹ kì í rí mi ni? Ta ní ń jókòó sẹ́yìnkùlé pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó, tó ń fi kẹrosíìnì fọ ṣéènì lójú kọ̀ọ̀kan? Bí mo bá kán òróró sí i, màá tún fi síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ nù ún, torí èyí tó bá ṣẹ́ kù síta, iyanrìn ló ń pè. Rúlà ni mo fi ń wọn ṣéènì náà! Ibi tó jẹ́ ínǹṣì méjìlá nígbà tó wà ní tuntun gbọ́dọ̀ ṣì jẹ́ ínǹṣì méjìlá. Bó bá ti fi bíńtín gùn jù bẹ́ẹ̀, màá pààrọ̀ rẹ̀ kó tó jẹ eyín gíà. Ṣéènì kẹta rèé lórí gíà kan ṣoṣo, eyín rẹ̀ kò sì tíì ṣóńṣó! Baba Àdìgún tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Òkè-Ìmẹ̀sí fi àtàńpàkò tọ́ ọ wò, wọ́n ní, "Túnmiṣe, o kì í gun kẹ̀kẹ́ yìí ni?" Látìgbà tí mo ti jáde ilé-ìwé, ẹnikẹ́ni ò tíì yìn mí tó bẹ́ẹ̀. Rọ́bà búréèkì ńkọ́? Abẹ́rẹ́ ni mo fi ń yọ iyanrìn inú rẹ̀ lẹ́yìn òjò. Ríìmù, omi àti ọṣẹ nìkan. Òkè Ẹ̀fọ̀n, ẹrẹ̀, ọyẹ́, búréèkì yẹn ò já mi kulẹ̀ rí!

Ó wá di Sátidé ìdánwò, tí wọ́n fẹ́ mú èèyàn mẹ́fà tí yóò máa gun kẹ̀kẹ́ fún ìpínlẹ̀. Mo gbóòórùn kan lára kẹ̀kẹ́ láàárọ̀, bíi lọ́fínńdà, mo ní ìpara yín ni. Mo tẹ búréèkì lórí ìdúró, rọ́bà lẹ̀ mọ́ ríìmù, mo ní ó dáa. Òkè la kọ́kọ́ gùn, èmi ni mo ṣíwájú, Màámi, èmi! A wá dorí kọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Ìtawúrẹ́, mo dé kọ́nà, mo fún búréèkì... Yéè! Bí ẹni fi ọwọ́ ọbẹ̀ ilá di ẹja mú ni. Inú oko gbágùúdá ni mo ti bá ara mi.

Egbò kọ́ ló ń dùn mí. Kóòṣì Gbóyèga, tó ń yàn wá, sọ̀kalẹ̀, ó fi ìka kan ríìmù, ó gbé e símú, ó ní, "Ẹni tí kò mọ̀ pé òróró kì í kan ibi tí búréèkì ń dì mú, ṣé èmi ni màá kọ́ ọ ní ìtọ́jú kẹ̀kẹ́?" Èmi! Èmi tí mo ń fi rúlà wọn ṣéènì! Olúwafẹ́mi, tí ṣéènì tirẹ̀ ti dípẹtà, tó ń ké bí adìẹ tó fẹ́ yé, òun ló rẹ́rìn-ín jù: "Túnmiṣe, ṣé o fẹ́ dín kẹ̀kẹ́ jẹ ni?" Wọ́n sì mú un! Ìgbà náà ló yé mi pé òróró ṣọ́ọ̀ṣì yín ni mo gbóòórùn rẹ̀ láàárọ̀. Ṣé kí n wá sọ níwájú gbogbo wọn pé màmá mi ló ṣe é? Mo gbé kẹ̀kẹ́ sí èjìká, mo kúrò níbẹ̀.

Mo délé, kí ni mo bá? Ẹ ti sọ fún wòlíì pé òróró ni kò jẹ́ kí n kú, kí n wá jẹ́rìí ní Sọ́ńdè! Oríire wo ni àwọn ará ìjọ ń kí mi kú? Ẹni tó tì mí sí kòtò, ṣé kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kòtò náà ò jìn?

Ẹ má bínú. Ó ti jáde. Ẹ má sunkún. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú, torí ká ní ọ̀tá ni, ǹ bá mọ ohun tí mo máa ṣe fún un.

Orúkọ márùn-ún ni kóòṣì ti kọ. Ìkẹfà ṣófo, aago mẹ́rin òní ló sì máa fi ránṣẹ́ sí Adó. Mo ti fọ ríìmù lẹ́ẹ̀mẹta, mo ti pààrọ̀ rọ́bà. Rárá, ẹ má ní ká kọ́kọ́ lọ rí wòlíì! Ẹ wé gèlè yín, ọkọ̀ Aramọkọ, níbi tí kóòṣì wà, ku èèyàn méjì kó kún. Bẹ́ ẹ bá rí kóòṣì, ẹ sọ fún un pé, "Èmi ni mo fi òróró pa á, ọmọ mi ò mọ̀." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́ o, Màámi. Mo mọ ara mi, bí mo bá dé iwájú ọkùnrin yẹn, n ò ní lè lanu.