Òòfà Tí Mo Gbé Kọ́ Haja Sukai Lọ́rùn

Isha, má tíì kí mi kú àìsàn. Ẹ̀yin tí ẹ bá a wá, ẹ tẹ́tí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá, ó sì ti lé tèmi bá lórí ibùsùn yìí. Èmi Adébọ̀dé ni mo pa Haja Sukai, ìyá rẹ.

Gbogbo àdúgbò Westfield níbí ló mọ̀ mí sí olóòfà. Mo ń ta ẹ̀gbà ọrùn àti ìgbànú, mo ń sọ pé irin wà nínú ẹ̀jẹ̀, pé òòfà yóò fà á kiri ara, àìsàn yóò sì bá a lọ. Mo gbà á gbọ́ tẹ́lẹ̀. Àfi ọdún Tobaski kan, ìyẹn Iléyá, tí a dúńbú àgbò, tí mo yọ́ ti òòfà bọ inú ẹ̀jẹ̀ gbígbóná. Ẹ̀jẹ̀ náà kò mira. Ńṣe ló ń wò mí. Mo nu ọwọ́ mi, mo padà sídìí ọjà. Ìkà ni mí, àbí kí ni?

Lẹ́yìn náà ni ìyá rẹ dé. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ kékeré sí i láyà ní London, tó máa ń ta á jí nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá ṣìṣe. Ó ní dókítà kìlọ̀ òòfà fún òun. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Haja, òòfà inú rédíò ni dókítà ń wí. Oògùn nìyí." Mo so ó mọ́ ọn lọ́rùn, ó sì rọra lẹ̀ mọ́ àyà rẹ̀ bí ọwọ́ ọmọdé.

Kò pẹ́, ó fi ayọ̀ padà wá. "Adébọ̀dé, di tin nọ de kik mi egen o!" Ẹ̀rọ náà kò ta á mọ́. Ó yé mi pé òòfà ti dí i lẹ́nu. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ń gbọ́. Mo ní kó tún un wí sókè.

Ìdí oúnjẹ ọ̀sán ni ìyá rẹ ti kú lójijì. Àwọn tó wẹ òkú rẹ̀ ní ẹ̀gbà náà ń fà sẹ́yìn, pé kò fẹ́ fi àyà náà sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbọ́ ọkàn kan tó ń sáré nínú àpótí ọjà mi.

Èyí tó burú jù ló kù. Nígbà tí wọ́n fi irú ẹ̀rọ náà sí ìwọ náà láyà, o wá bi mí bóyá kí o fi ẹ̀gbà ìyá rẹ sọ́rùn. "Ọ́ńkù, a de fred di kik." Ẹ̀rù títa ẹ̀rọ náà ló ń bà ọ́. Bí mo bá ní rárá, wàá bi mí nídìí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ bá mi já ẹ̀gbà náà lọ́rùn Isha nísinsìnyí! Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ta ohun tí ẹ ti mọ̀ pé irọ́ ni. Isha, dárí jì mí bí o bá lè ṣe é. Bí ẹ̀rọ náà bá sì ta ọ́, ọmọ mi, jẹ́ kó ta ọ́. Ọjọ́ tó yẹ kó ta ìyá rẹ tí kò ta á, ọjọ́ náà la sin ín.