Àdírẹ́sì Ṣọ́ọ̀bù Àǹtí

ÀBÚRÒ: Ẹ káàsán o, Àǹtí. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú—

ÀǸTÍ: Káàsán, káàsán. Níbo lo wà?

ÀBÚRÒ: Ilé. Orí bẹ́ẹ̀dì. Mò ń bá kọ́sítọ́mà kan tún fọ́tò ṣe, ó ní kí n bá òun yọ ikùn òun—

ÀǸTÍ: Fi ikùn oníkùn sílẹ̀! Àdírẹ́sì wo lo kọ sórí page rẹ?

ÀBÚRÒ: Hẹ̀n?

ÀǸTÍ: Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Ó ń já. Ẹ bọ́ síta díẹ̀.

ÀǸTÍ: Ìta náà ni mo wà! Wọ́n ti lé mi jáde.

[Ariwo irin.]

ÀBÚRÒ: Ta ló lé yín?

ÀǸTÍ: Àwọn ará káńsù. Wọ́n ní ẹnì kan ń ṣiṣẹ́ fọ́tò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti ṣọ́ọ̀bù mi, kò gba permit. Wọ́n mú àgádágodo dání. Èmi aránṣọ!

ÀBÚRÒ: Yéè! Ẹ má bínú. Kọ́sítọ́mà kì í fọkàn tán ẹni tí ò ní ṣọ́ọ̀bù, mo wá rò pé—

ÀǸTÍ: O rò pé kí ni? Yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé wà níbẹ̀, ọ̀la ni wọ́n ń wọlé!

ÀBÚRÒ: Ṣebí ẹ̀yin lẹ gba máìkì nípàdé káńsù, tẹ́ ẹ ní kí gbogbo oníṣẹ́ orí fóònù gba permit?

ÀǸTÍ: Mo sọ ọ́! Èmi ń gbà á. Ṣé ẹni tó dùbúlẹ̀ tó ń já kọ́sítọ́mà mi gbà, òun ò ní gbà á ni?

ÀBÚRÒ: Owó permit yẹn ju gbogbo ohun tí mò ń rí lọ, Àǹtí! Data gan-an, agbára káká ni mo fi ń rà á.

ÀǸTÍ: Àwọn olówó ńlá ni mo ní lọ́kàn. Mi ò ní ìwọ lọ́kàn.

ÀBÚRÒ: Òkò àbínújù sọ́jà—

ÀǸTÍ: Ará ilé ẹni ní í bà! Ìwọ lò ń pòwe fún mi? Ṣé o gbọ́ mi? Wọ́n ní tí mo bá dárúkọ ẹni tó ni iṣẹ́ yẹn, àwọn á fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, àwọn á lọ gbé kọ̀ǹpútà onítọ̀hún.

ÀBÚRÒ: Kí lẹ wá sọ?

ÀǸTÍ: Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n rí.



ÀBÚRÒ: Ẹ fún wọn ní fóònù.

ÀǸTÍ: Láéláé. Kí lo máa wá fi jẹun?

ÀBÚRÒ: Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́!

[Fóònù ń bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì.]

ARÁ KÁŃSÙ: Hello? Ta nìyí?

ÀBÚRÒ: Sà, èmi ni mo ni iṣẹ́ fọ́tò yẹn. Àǹtí mi ò mọ nǹkan kan níbẹ̀. Mò ń gbé kọ̀ǹpútà náà bọ̀ fún yín. Ẹ má ti ṣọ́ọ̀bù yẹn!

ARÁ KÁŃSÙ: Hello? Hello? Madam, ẹ gba fóònù yín, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ tì í.

ÀBÚRÒ: Sà! Èmi ni! Ṣé ẹ gbọ́—

[Ó já.]