Ẹni Tó Kó Gbòdò Mi Wọlé

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n dúró síbí láàárọ̀ yìí, tí ẹsẹ̀ mi méjèèjì gbé mi, tí n kò fi ara ti ògiri. Orúkọ mi ni Ìyá Bùnmi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra èlùbọ́ lọ́wọ́ mi lọ́jà Òmù-Àrán mọ̀ mí, ẹ sì mọ ẹnu mi ju ojú mi lọ. Pásítọ̀ ní kí n má pẹ́ lórí ìdúró. Mo ti gbọ́, sà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí méjì ni mo gbé wá, ọ̀kan tuntun, ọ̀kan àtijọ́ tí mo fẹ́ tún ṣe. Bí èèyàn bá ta ọjà tí kò dáa fún oníbàárà, ó yẹ kó pè é padà. Níbí yìí ni mo ti ta á fún yín, níbí yìí náà ni mo ti fẹ́ gbà á padà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí lóṣù Ẹrẹ́nà á rántí pé mo jẹ́ ẹ̀rí òjò. Mo ní Ọlọ́run bá mi jà. Mo ní òjò rọ̀ sórí gbòdò ọ̀tá mi, kò sì kan tèmi rárá. Ẹ pàtẹ́wọ́. Àwọn akọrin gbé orin, mo sì jó títí gèlè mi fi tú. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ náà, òótọ́ ni. Ibi tí mo fò ni ẹ̀ṣẹ̀ wà.

Lẹ́yìn agboolé wa ní Èsìẹ́ níbí, àpáta kan wà tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Orí rẹ̀ ni àwa ìyàwó ilé ti ń sá gbòdò. Fún ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní Èkó, iṣu ni à ń bẹ, a ó gé e, a ó fi omi gbígbóná bọ̀ ọ́ mọ́jú, a ó wá sá a títí yóò fi gbẹ tó ń dún bí igi, kí ẹlẹ́rọ tó lọ̀ ọ́ di èlùbọ́. Ìyàwó kọ̀ọ̀kan ló ní àyè tirẹ̀ lórí àpáta, òkúta kéékèèké la fi ń pààlà. Kò sí ìwé níbẹ̀. Ìyá ọkọ ló ń na ọwọ́ sí i fún ìyàwó. Òfin kan ṣoṣo ló wà tí a kì í rú: bí òjò bá ṣú, ẹni tó bá wà nílé ni yóò kó ti gbogbo ènìyàn wọlé. A kì í béèrè pé ti ta ni. Bí o bá ń bá ẹnìkan jà, wàá kó gbòdò rẹ̀ wọlé ná, kí o tó padà sídìí ìjà rẹ.

Ìyálé mi ni Ìyá Rótìmí, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Opó ni, Rótìmí wà ní Èkó, òun nìkan ló ń gbé apá tiwọn nínú agboolé. Nígbà tí ìyá ọkọ wa lọ sinmi, ọ̀rọ̀ dé lórí àyè rẹ̀, àárín àpáta gan-an, níbi tí omi kì í dúró sí, tí oòrùn kì í kúrò títí di ìrọ̀lẹ́. Mo ní èmi ni màmá fi í sílẹ̀ fún. Ìyálé mi ní àgbà ló ń jogún àgbà. Ó gba ibẹ̀, èmi lọ ń sá tèmi létí ọ̀nà tí ewúrẹ́ ń gbà. Bí a ṣe dákẹ́ síra wa nìyẹn fún ọdún mẹ́ta. Ẹ wò ó o, mo mọ ìgbà tó bá wúkọ́, mo mọ ohun tó ń sè, ṣùgbọ́n bí mo bá ní ọ̀rọ̀ láti bá a sọ, ewúrẹ́ ni mo máa ń sọ ọ́ fún kó lè gbọ́. Màá ní, "Ìwọ ewúrẹ́ yìí, o tiẹ̀ mọ̀ pé ibi tí kì í ṣe tìẹ kì í ṣe tìẹ." Ewúrẹ́ á jẹ koríko rẹ̀. Ìyálé mi náà á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Nígbà tó sú mi, mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. N kò ní kí Ọlọ́run pa á o. Mo kàn ní kó fi hàn án. Ẹ̀yin náà mọ àdúrà yẹn, ẹ má wò mí báyìí.

Ní ọjọ́ kejì ààwẹ̀, Ìyá Rótìmí lọ síbi òkú kan ní Ìsánlú-Ìsin, èmi nìkan ni mo kù nílé. Lọ́sàn-án, àkọ́rọ̀ òjò ṣú lójijì. Mo sáré bọ́ sórí àpáta, mo kó tèmi sínú báàgì, mo wọ́ ọ wọlé. Òjò kò tíì dé. Ó ṣì wà ní apá Òmù-Àrán lọ́hùn-ún, mò ń gbọ́ ìró rẹ̀ bó ṣe ń bọ̀ lórí igi. Àyè wà. Ọwọ́ kò dùn mí, ẹsẹ̀ kò dùn mí. Gbòdò ìyálé mi tẹ́ sílẹ̀ ní àárín àpáta, ó funfun, ó ku ọjọ́ kan péré kó gbẹ. Mo fa àga jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo jókòó. Mo ká ọwọ́ mọ́ àyà, mo sì wo òjò bó ṣe nà án láti òkè dé ilẹ̀. Mo ní, "Olúwa, o ṣé."

Ibi tí mo fò nìyẹn.

Nígbà tí Ìyá Rótìmí dé, gbòdò ti rin gbingbin. Ó tún un sá, ó sá a tì. Ó dúdú, ó hu irun funfun bí àgbàlagbà. Mo dúró de èébú. Mo ti to tèmi sílẹ̀, mo ti ṣa èyí tí yóò dùn ún jù sọ́tọ̀. Kò bú mi. Ó kó gbogbo rẹ̀, ó dà á sí àkìtàn, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ẹ gbà mí gbọ́, inú bí mi. Èébú tí mo ti tọ́jú láti ọjọ́ òjò, ta ni kí n wá fún? Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni mo wá síbí, tí mo wá jó.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ tuntun.

Ó tó nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn náà, mo sá iṣu tó kẹ́yìn. Gbogbo ohun tó kù fún mi nìyẹn. Iṣu tuntun ṣì jìnnà, òun ni a ó máa jẹ, òun náà ni màá máa gbé lọ sọ́jà. Ó ku ọjọ́ kan kó gbẹ tán ni ibà gbé mi dè. Ibà yìí kì í ṣe kékeré, mò ń pe Bùnmi tó wà nílé ẹ̀kọ́ ní Ìlọrin bí ẹni pé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bàbá Bùnmi gbé mi sáàárín òun àti ọlọ́kadà, ó di ọsibítù ní Òmù-Àrán. Wọ́n fi dírìpù sí mi lọ́wọ́. Kò sí ẹnikẹ́ni nílé wa mọ́.

Ní ọjọ́ kejì, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù ọsibítù.

Mo ní, "Bàbá Bùnmi, gbòdò."

Ó ní, "Gbòdò wo? O fẹ́ kú, o ń sọ̀rọ̀ gbòdò."

"Bí n kò bá kú ńkọ́? Kí ni ẹ fẹ́ jẹ?"

Ó wá ní, "Ìyá Rótìmí ṣáà wà nílé."

Ẹ̀rín pa mí. Mo rẹ́rìn-ín débi pé abẹ́rẹ́ dírìpù fẹ́ yọ, nọ́ọ̀sì ní kí ni mo rí. Mo ní kò sí, ọkọ mi ló ń dápàárá.

Nígbà tí ẹ̀rín tán, mo fẹ́ gbàdúrà. Mo mọ àdúrà gbà, ẹ̀yin náà mọ̀. Mo la ẹnu pé, "Olúwa, ṣọ́ gbòdò mi," àga tí mo fà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ló bọ́ síwájú mi. Mo gba ọ̀nà mìíràn, mo ní, "Ìwọ Ọlọ́run tó ń ja ìjà mi," àga tún wà níbẹ̀. Kò sí ibi tí mo fẹ́ gbà dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run lọ́jọ́ yẹn tí àga kò dúró sí. Mo wá dákẹ́. Mo ní, "Baba, ohun tó tọ́ sí mi ni mo ń gbà yìí. Gbòdò tìrẹ ni, òjò tìrẹ ni, èmi náà, tìrẹ ni mí. Bó bá ṣe wù ọ́." Ó ti tó ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti gba Jésù. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbàdúrà tí n kò rán Ọlọ́run níṣẹ́. Mo sì sùn.

Wọ́n dá mi sílẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin. Bí a ṣe dé ilé, mo wo àpáta, ó mọ́ fo, omi ṣì wà lójú rẹ̀. Mo ní ó ti parí. Bàbá Bùnmi lọ ṣí ilé ìdáná kó lè bá mi gbé omi kaná, ó ké sí mi. Ó ní, "Wá wo nǹkan."

Báàgì mẹ́jọ, wọ́n tò ó lórí pákó kí ọ̀rinrin ilẹ̀ má baà fà sí i. Mo ki ọwọ́ bọ ọ̀kan, ó gbẹ. Mo ṣẹ́ gbòdò kan, ó dún páú. Mo wólẹ̀ síbẹ̀. Mo ní, "Bàbá Bùnmi, áńgẹ́lì ti dé ilé yìí." Kí n má tàn yín, mo ti ń to ẹ̀rí náà jọ níbi tí mo wólẹ̀ sí, bí wọ́n ṣe sọ̀kalẹ̀, bí aṣọ wọn ṣe funfun tó.

Àfi bí mo ṣe gbójú sókè tí mo rí ohun tí wọ́n fi di ẹnu àwọn báàgì náà. Kì í ṣe okùn. Àkísà aṣọ ni, ó jẹ́ aláwọ̀ ewé, ó ní ẹyẹ wẹ́wẹ́ lára. Mo mọ aṣọ yẹn. Èèyàn kan ṣoṣo ló ń ró o ní agboolé wa, mo sì ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fún ewúrẹ́ títí. Kò rí okùn, ó ya ìró ara rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́jọ.

Mo jókòó sílẹ̀.

Mo rìn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, mò ń di ògiri mú. Ó ń bó ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀.

Ó ní, "Ara ti ń le?"

Mo ní, "Ó ń le, mà. Ẹ̀yin lẹ kó gbòdò mi."

Ó ní, "Òjò ṣú." Ó ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti tán.

"Ìyálé mi, mo wà nílé lọ́jọ́ tí òjò pa tiyín."

"Mo mọ̀."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Àga rẹ wà lọ́dẹ̀dẹ̀ nígbà tí mo dé. Ó kọjú sí àpáta."

Ojú tì mí. Mo ní, "Mo tún lọ jẹ́ ẹ̀rí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Mo gbọ́. Wọ́n ní o jó dáadáa."

"Ìyálé mi, kí ló dé tí ẹ kò bú mi?"

Ó wá gbé ọwọ́ kúrò nínú ẹ̀gúsí. Ó ní, "Mo fẹ́ bú ọ, ó ti dé ẹnu mi. Mo ní kí Ọlọ́run ṣe ìdájọ́ láàárín wa. Mo gbé ọ lọ bá a láràárọ̀, n kò gbọ́ nǹkan kan. Òjò wá ṣú, o ò sí nílé. Gbogbo ohun tó sọ fún mi ni pé kí n dìde." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Má rò pé inú mi dùn o. Mò ń bá a jiyàn títí mo fi di báàgì kẹta."

Mo ní, "Kẹrin ńkọ́?"

Ó ní, "Nígbà yẹn, àánú rẹ ti ń ṣe mí. Mo rántí pé ara rẹ kò yá."

Ẹ̀yin ará, mo ti rí i tí wọ́n gbàdúrà tí arọ rìn. Èyí tí mo rí lójú ìyálé mi lọ́jọ́ yẹn bà mí lẹ́rù jù ú lọ. Mo ti fi Ọlọ́run ṣe ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà mi, mo ní kó lé tibí, kó lé tọ̀hún. N kò mọ̀ pé ní gbogbo ìgbà tí mo ń rán an lọ bá ìyálé mi, ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lóòótọ́. Ó jókòó tì í, ó ń kọ́ ọ bí yóò ṣe fẹ́ràn mi. Èmi tí mo ń pe ara mi ní àgbà nínú Olúwa, ọmọ ọwọ́ ni mí. Ọmọ ọwọ́ ló máa ń rò pé ìyá òun kò ní ọmọ mìíràn.

Mo gbé báàgì mẹ́rin fún un. Ó dá mẹ́ta padà, ó ní òun gba ọ̀kan kí òun má baà gbéra ga. Mo ní kó máa lo àárín àpáta títí ayé, ó ní kí n dákẹ́, a jọ kó àwọn òkúta ààlà dà sí kòtò. Ẹ má rò pé a ti di áńgẹ́lì. Lọ́jọ́bọ̀ a jà lórí ata, ṣùgbọ́n ojúkojú la ja ìjà yẹn. Ewúrẹ́ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ bá mi gbé ògo fún Ọlọ́run tí ojú kì í tì láti lo ẹni tí mo kórìíra fi tọ́ mi dàgbà. Ẹ bá mi yọ̀. Ẹni tó bá ní àga lọ́dẹ̀dẹ̀, kó dìde kúrò lórí rẹ̀. Ìyálé mi kò sí níbí, ìsìn kùtùkùtù ni wọ́n ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn, ó ti padà sílé. Pàkí wa, ẹ̀gẹ́ tí a sá lẹ́yìn tí iṣu tán, wà lórí àpáta, tèmi tirẹ̀, ó ti pò mọ́ra, kò sẹ́ni tó lè yà á mọ́. Ojú ọ̀run ti ń ṣú nígbà tí mo ń jáde, mo ní n kò lọ mọ́, ó ní kí n lọ dúpẹ́ mi, òun wà nílé. Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé n kò ní lè dúró gba oore-ọ̀fẹ́. Ẹ gbọ́ bí páànù ṣe ń dún yìí. Òun nìkan ló wà lórí àpáta, kí n sáré lọ bá a.