Pákó Tí Kò Ní Tú Kó Tó Dé

Lẹ́yìn tí wọ́n lé àwọn èèyàn wa tí kò ní ìwé ìgbélùú padà sílé, mo gbé púláìwúùdù, pákó tí wọ́n lẹ̀ ní ìpele-ìpele, tó ti ń bó lọ sí ìsọ̀ kan ní Asafo ní Kumasi láti jà. Ìpele mẹ́ta ni ọ̀gá ìsọ̀ fún mi dípò márùn-ún, gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò sì dé etí! Obìnrin kan ti ṣáájú mi, ó ń bá ọ̀gá ìsọ̀ náà sọ̀rọ̀.

"Bọ̀dá, ilẹ̀kùn tí ọkọ mi ṣe kí wọ́n tó lé e ti jẹrà."

"Maame, ẹ mú onípele mẹ́ta."

"Kí òjò Kumasi tú u bí ìwé? Márùn-ún, tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ kún."

"Ọdún mélòó lẹ fẹ́ kó lò ná?"

"Kó ṣáà má tú kí ọkọ mi tó dé."

Onípele márùn-ún kan ṣoṣo ló kù. Èmi ni ọ̀gá ìsọ̀ jẹ ní gbèsè rẹ̀. Mo ní kí obìnrin náà gbé e.