Mo Bá Ìyàwó Mi Jíwèé Wò Nínú Ìdánwò Etí

Inú ilé mi ń dùn lásìkò yìí, mi ò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ayọ̀ náà tó ṣì ń gún mi bí egungun ẹja tó há sọ́nà ọ̀fun. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ayọ̀ yìí du ìyàwó mi, kò sì bú mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èmi tí mo ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ pé iṣẹ́ mi gan-an ni kí n máa mú àwọn ọmọ tó bá jíwèé wò nínú ìdánwò! Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Àìsàn kan ló di ìyàwó mi létí lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn. Látìgbà náà, ẹnu mi ló máa ń wò kó tó mọ ohun tí mo ń sọ. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan sẹ́yìn etí rẹ̀, wọ́n sì ki okùn tín-ín-rín kan wọnú etí lọ́hùn-ún, kí iná rẹ̀ lè máa ta iṣan tó ń gbé ohùn lọ sí ọpọlọ. Dókítà ọmọbìnrin tó ń ṣe ìwádìí lórí ẹ̀rọ náà sọ fún wa pé ọ̀nà méjì lòun fẹ́ dán wò: èyí àkọ́kọ́ á máa ta iṣan náà léraléra, kíákíá, èkejì á máa rọra ta á. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì la máa lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá parí, kí ẹnì kan nínú ilé fi bébà bo ẹnu, kó ka ogún ọ̀rọ̀, kí ìyàwó mi máa tún un pè. Èyí tó bá fi gbọ́ràn jù ni wọ́n máa yàn fún un. Ṣé ìyẹn le?

Lọ́jọ́ tá a dán ti àkọ́kọ́ wò, mẹ́rin péré ló gbà. Ó bú sẹ́kún lórí àga. Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló lè máa wo omijé lójú obìnrin tó ti bá a gbé fún ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún? Mo ní ká tún un ṣe, mo wá rọra sọ bébà náà kalẹ̀ títí ẹnu mi fi yọ. Méjìdínlógún ló gbà! Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo tún fa ìlà sí i nídìí. Nígbà tó kan ọ̀nà kejì, mo ti lọ síbi àyẹ̀wò àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì, Fúnmi ọmọ wa tó ń gbé ládùúgbò Satellite ló wá kà á fún un. Fúnmi kì í ṣe màgòmágó. Méjìlá ni ìyá rẹ̀ gbà.

A dé ọ̀dọ̀ dókítà, inú rẹ̀ dùn. "Mọ́mì, ti àkọ́kọ́ yìí ló dáa jù fún yín o. Méjìdínlógún nínú ogún! Ẹ gbìyànjú gan-an." Ìyàwó mi ní èkejì ló wu òun. Dókítà tún fi ìwé hàn án. Ìyàwó mi bá wò mí. Èmi ń wo òde lójú fèrèsé. Ló bá tẹrí ba, ó ní, "Ohun tí ìwé bá sọ náà ni ká ṣe, ọmọ mi." Nítorí kí ojú má baà tì mí níwájú ọmọ tí mo lè bí, ó gba etí tí kò gbọ́ràn. Irú obìnrin wo nìyẹn? Irú ọkùnrin wo lèmi náà?

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Lọ́jọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn, obìnrin ìjọ wa kan tó ń gbé ní Kúje tí kò jìnnà sí Festac wa níbí ń kó ìwé orin jọ, ó kọ̀yìn sí ìyàwó mi, ó ń sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin kú. Ìyàwó mi fẹyín, ó ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa! Á kárí o!" Obìnrin náà yíjú padà. Mi ò lè gbàgbé ojú yẹn láéláé.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo mú ìyàwó mi lọ́wọ́, a lọ bá dókítà, mo jẹ́wọ́. "Dádì! Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ fẹ́ẹ̀ ba ìwádìí mi jẹ́ o!" Ó bá mi wí dáadáa, mo dorí kodò bí àwọn ọmọ tí mo máa ń mú láyé ọjọ́un. Ó wọ́gi lé àmì irọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ tún ìdánwò ṣe, ó sì yí ẹ̀rọ sí ọ̀nà kejì.

Ẹ wá wo ilé wa ní Festac báyìí! Ìyàwó mi ń gbọ́ òjò, ó ń gbọ́ ìgbà tí omi bá hó lórí iná. A lọ bẹ obìnrin Kúje yẹn, nígbà tó gbọ́ àlàyé, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì dì mọ́ ìyàwó mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń kùn sínú pé ẹ̀wà ò níyọ̀, ni ohùn kan bá dá mi lóhùn láti inú yàrá: "Iyọ̀ wà lórí tábìlì, Bàbá Fúnmi. Ẹ bù ú sí i." Háà! Ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń kùn fàlàlà nínú ilé yìí ti tán nìyẹn! Inú mi dùn débi pé mo jẹ ẹ̀wà náà bẹ́ẹ̀ láìbu iyọ̀ sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú aláìsàn, ẹ fetí sí àgbàlagbà. Ẹ má fi irọ́ ṣàánú ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn. Tó bá gba mẹ́rin, ẹ jẹ́ kó gba mẹ́rin rẹ̀, kí dókítà lè mọ ibi tó kù sí. Èmi kò mọ bí ọkùnrin ṣe ń bẹ ìyàwó rẹ̀, mo ń sọ pé lọ́la, lọ́la. Lánàá, a jókòó bí a ti máa ń ṣe, mo fi bébà bo ẹnu, mo ka ọ̀rọ̀ márùn-ún, ó pè é, kò ṣì í. Mo wá ka ohun tí kò sí nínú ìwé: "Mo ṣẹ̀ ọ́. Dárí jì mí." Kò tún un pè.

Ó ní, "Mo ti dárí jì yín látọjọ́ yẹn. Ẹ má sọ bébà yẹn kalẹ̀ o. Ẹ ka èyí tó kàn."